Ta Ló Fi Ìparọ́rọ́ Sínú Ìgbèríko Constable?

Ní ọdún 1814, ọkùnrin kan tó ń múra ìgbéyàwó gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán kan ní abúlé East Bergholt, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ kó ya ojú ilẹ̀ abúlé náà fún ìyàwó òun, kí ọmọbìnrin náà lè máa rí ilé baba rẹ̀ wò bó bá dé ilé ọkọ. Ọmọ ọlọ́lá ni ìyàwó yìí, ìdílé Godfrey tó ni ilé ńlá abúlé náà ló ti jáde. Àwòrán tí wọ́n gbé fún un wà ní Museum of Fine Arts ní Boston lónìí. Àfonífojì odò Stour wà nínú rẹ̀, oko tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ilé ìjọsìn Dedham sì yọrí lókèèrè. Ṣùgbọ́n níwájú pátápátá, níbi tí ojú ti kọ́kọ́ ń balẹ̀, ààtàn ló wà níbẹ̀: òkìtì ìgbẹ́ ẹran ràgàjì, tí àwọn alágbàṣe ń wà sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kí wọ́n lè lọ fi ṣe ajílẹ̀ lóko. Ààtàn ni ayàwòrán fi ṣe ìyàwó lọ́jọ̀!

Orúkọ ayàwòrán náà ni John Constable, abúlé yẹn gan-an ni wọ́n sì bí i sí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, ọdún 1776. Bí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń ronú nípa ìgbèríko tó pa rọ́rọ́, iṣẹ́ ọkùnrin yìí ló máa ń wá sí i lọ́kàn: odò tí kò kánjú, igi ńláńlá, ẹṣin tó dúró sínú omi, àwọsánmà funfun. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà, sára agolo bisikíìtì, sára abọ́ àti ife tíì. Láti bí ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ àwòrán sì ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ṣé òótọ́ ni ìparọ́rọ́ yẹn? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni abúlé náà rí, àbí ọmọ olówó kan ló fi ọ̀dà bo ohun tí kò fẹ́ kí a rí? Èmi gbà pé ìdajì ẹ̀sùn náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìdajì yòókù, àwa tí a ń wo àwòrán ló yẹ kí a rù ú.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Oníṣòwò ọkà ni Golding Constable, baba John. Òun ló ni ọlọ olómi tó wà ní Flatford, ó ní ti Dedham mọ́ ọn, ó ní ọlọ afẹ́fẹ́ ní East Bergholt, ó sì ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń gbé ọjà rẹ̀ gba ojú òkun lọ sí London. Odò Stour tí à ń wò bí ibi ìsinmi yìí, ọ̀nà ọjà ni. Láti ọdún 1705 ni òfin ti sọ ọ́ di ọ̀nà ọkọ̀ ẹrù. Wọ́n kọ́ àwọn ibodè omi sí i lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ lè máa gòkè kó sì máa sọ̀, ọkà àti ìyẹ̀fun ń lọ, èédú ń bọ̀. Baba Constable wà lára àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó odò náà. John fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọlọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Royal Academy ní London ní 1799. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọlọ afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lójú sánmà. Bí ìjì bá ká a mọ́ ibi tí apá ọlọ ti na aṣọ rẹ̀ tán, apá lè kán, ọlọ lè bàjẹ́.

Inú àwòrán rẹ̀ ni ìmọ̀ yẹn wà, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ odò lè wò ó títí kó má rí i. Nínú èyí tó yà nípa ọkọ̀ kíkàn nítòsí Flatford ní 1815, ara ọkọ̀ ẹrù kan wà nínú kòtò gbígbẹ létí odò, irinṣẹ́ fọ́n ká ilẹ̀, ìkòkò ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń fi dí ojú pákó wà lórí iná. Nínú èyí tó pè ní Flatford Mill, tó parí ní 1817, ọmọdékùnrin kan jókòó sórí ẹṣin níwájú, èkejì ń tú okùn tí ẹṣin náà fi ń fa ọkọ̀, nítorí pé ọkọ̀ fẹ́ gba abẹ́ afárá kọjá, ọ̀pá ni wọn yóò sì fi tì í gba ibẹ̀. The White Horse, tó fi hàn ní 1819, dà bí ẹni pé ẹṣin funfun kan ń gbafẹ́ lórí omi. Iṣẹ́ ni ẹṣin náà wà. Ọ̀nà tí ẹṣin ń tọ̀ lẹ́bàá odò ti parí ní apá kan, ó bẹ̀rẹ̀ ní apá kejì, nítorí náà wọ́n ní láti fi ọkọ̀ gbé ẹṣin sọdá. Ẹṣin tó ń fò nínú The Leaping Horse ti 1825 náà ní ìdí tirẹ̀. Wọ́n fi pákó dábùú ọ̀nà ẹ̀bá odò kí màlúù má bàa ti oko kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n sì kọ́ àwọn ẹṣin odò Stour bí wọn yóò ṣe máa fò ó. Ta ni yóò mọ èyí bí kò bá ṣe ọmọ ilé ọlọ?

The Hay Wain ló gbajúmọ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ó gùn ní nǹkan bí mítà 1.8 ó lé, ó sì wà ní National Gallery ní London. Nígbà tó fi í hàn ní 1821, orúkọ tó fún un ni Landscape: Noon, ọ̀sán gangan. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí kò ní ẹrù kankan nínú dúró sínú omi adágún ọlọ Flatford, ẹṣin mẹ́ta ló ń fà á, ọ̀já pupa wà lọ́rùn wọn. Ajá kan dúró létí omi, ó ń wo àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́. Lápá òsì ni ilé Willy Lott wà, àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n sọ pé kò sun ibòmíràn ju ọjọ́ mẹ́rin lọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Obìnrin kan tẹ̀ ba sétí omi lẹ́yìn ilé náà. Lápá ọ̀tún, láàárín koríko odò, ẹnìkan wà nídìí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Lẹ́yìn gbogbo wọn, lókèèrè réré ní pápá tó ń dán nínú oòrùn, àwọn tó ń gé koríko wà níbẹ̀, àmì funfun wínníwínní lásán ni wọ́n, wọ́n ń di koríko gbígbẹ sínú kẹ̀kẹ́ mìíràn.

London ni Constable jókòó sí ya gbogbo èyí, ní ìgbà òtútù. Kò ní kẹ̀kẹ́ ìkórè níwájú, kò sì fẹ́ fi èrò orí yà á. Ó ránṣẹ́ sí ilé. Abram àbúrò rẹ̀, tó ń bójú tó òwò ìdílé lẹ́yìn ikú baba wọn, fi àwòrán kẹ̀kẹ́ náà ránṣẹ́ sí i ní oṣù kejì ọdún 1821. Johnny Dunthorne, ọ̀dọ́mọkùnrin abúlé náà, ló dúró nínú òtútù yà á. Báyìí ni Constable ṣe máa ń fara balẹ̀ sí ohun èlò. Ó mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń tẹ̀ àti ibi tí okùn ti ń so. Ọ̀rọ̀ àwọn tó di okùn mú lọ́wọ́ ni à ń bọ̀ wá bá.

Ìlú kò rọgbọ nígbà yẹn. Ogun Napoleon parí ní 1815, àwọn ọmọ ogun padà sílé, wọn kò rí iṣẹ́. Owó ọkà já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ńlá gé owó alágbàṣe, ẹ̀rọ ìpakà sì gba iṣẹ́ tí àwọn tálákà fi ń jẹun lásìkò òtútù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1822, ní Suffolk, ìpínlẹ̀ tí East Bergholt wà, àti agbègbè rẹ̀, àwọn alágbàṣe dìde, wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń dáná sun àká koríko àti ọkà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Constable kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Fisher, àlùfáà ní Salisbury, pé Abram sọ fún òun pé kò sí alẹ́ kan tí wọn kì í rí iná, nítòsí tàbí lókèèrè. Àlùfáà ìjọ àti ọlọ́lá Godfrey ti fi abúlé sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dín ìdámẹ́wàá kù, kò sẹ́ni tó dín owó ilẹ̀ kù, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù àwọn tó jẹ gbèsè. Constable sọ fún Fisher pé èyí kì í ṣe àsìkò irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó mọ̀, nígbà náà. Iná ń jó ní Suffolk, The Hay Wain tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà wà ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí eérú kan nínú gbogbo àwòrán ńlá tó yà ní àwọn ọdún yẹn. Lórí èyí ni John Barrell dúró sí nínú ìwé tó kọ ní 1980, The Dark Side of the Landscape. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé Constable ń ti àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́yìn títí wọn yóò fi di apá kan ilẹ̀ náà, bí igi, bí ewéko, tí a kò ní lè rí ojú wọn kí a bi wọ́n bóyá wọ́n yó. Michael Rosenthal ní 1983 àti Ann Bermingham ní 1986 tún wádìí ọ̀rọ̀ náà síwájú, wọ́n so ó mọ́ òwò ọkà, mọ́ ilẹ̀ gbogbogbòò tí wọ́n fi ọgbà ká mọ́ àwọn tálákà, mọ́ ipò ìdílé Constable fúnra rẹ̀. Ṣáájú wọn, èrò tó gbilẹ̀ ni ti C. R. Leslie, ayàwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1843. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn abúlé ni Constable nínú ìwé náà. Leslie fẹ́ràn rẹ̀, ìfẹ́ náà sì hàn, ṣùgbọ́n ó ti gé ibi tó gbóná kúrò.

Mo gbà pẹ̀lú Barrell lórí ojú àwọn ènìyàn. Bí a bá to àwọn àwòrán ńlá rẹ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n gùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, jọ, a lè ka iye ọ̀já ẹṣin tó fara balẹ̀ yà, a kò lè rí ojú alágbàṣe kan tí a ó mọ̀ bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ojú ọmọ ọlọ́lọ ni èyí. Ẹni tó ni iṣẹ́ máa ń wo bóyá iṣẹ́ ń lọ. Ìṣèlú rẹ̀ náà kò sì fi í pa mọ́: ní 1831, nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ ẹ̀tọ́ ìdìbò lójú, ẹ̀rù bà á, ó tako òfin náà tọkàntọkàn.

Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ kì í fi ààtàn sí àwòrán ìyàwó. Ẹ wo The Wheat Field, tó yà ní ìta gbangba ní ìgbà ìkórè 1815, tó sì fi hàn ní 1816. Ó wà ní Clark Art Institute ní Amẹ́ríkà báyìí. Àwọn olùkórè wà láàárín oko, dòjé lọ́wọ́ wọn. Ọmọdékùnrin kan àti ajá jókòó ti oúnjẹ wọn. Níwájú, níbi tí ojú kò ti lè fò wọ́n, àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tẹ̀ ba, wọ́n ń pèéṣẹ́ ọkà tó já sílẹ̀. Bí ìran ìwé Rúùtù ló ṣe rí lójú wa. Ní ọdún 1788, ilé ẹjọ́ gíga kan ní London dájọ́ pé àwọn tálákà kò ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti pèéṣẹ́ nínú oko olóko, obìnrin ará Suffolk kan ni wọ́n sì dá ẹjọ́ náà lé lórí. Àṣà pèéṣẹ́ kò parẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, ojú àánú olóko ni tálákà ń wò. Àwọn tí Constable gbé síwájú nìyẹn, ní ọdún tí ogun parí gan-an. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó gbé wọn síwájú, ó sì ya ẹ̀yìn ọrùn wọn bí oòrùn ṣe ń pa á. Ohun tó ya àwòrán yìí sọ́tọ̀ sí àwọn ńlá tó tẹ̀ lé e ni pé inú oko ló ti yà á, àwọn ènìyàn náà sì wà níwájú rẹ̀. Bí ó ṣe ń jìnnà sí Suffolk tó ń gbé London pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kéré sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ìjìnnà yẹn ṣe pàtàkì tó ìṣèlú rẹ̀, àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́ kò sì fún un ní àyè tó.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀, ibi tí ìparọ́rọ́ yìí ti kọ́kọ́ tú fún mi. Maria ìyàwó rẹ̀ ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà Constable bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé sí Hampstead, lórí òkè níta London, kó lè máa rí afẹ́fẹ́ tó mọ́ mí. Níbẹ̀, ní 1821 àti 1822, ó ya àwọsánmà lórí bébà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìsí igi tàbí ilé kankan nísàlẹ̀. Ó ń kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sẹ́yìn wọn. Luke Howard, ará London tó ń ta oògùn, ti fún oríṣiríṣi àwọsánmà lórúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, Constable sì ra ìwé Thomas Forster lórí ojú ọjọ́, ó kọ àtakò tirẹ̀ sí etí ìwé náà. Ní 1836 ó dúró níwájú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Royal Institution, ó sọ fún wọn pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni àwòrán jẹ́. Ẹ padà sí The Hay Wain pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn. Lápá òsì lókè, àwọsánmà ti ń ṣú. Koríko gbígbẹ tí òjò bá pa kò wúlò fún ẹran mọ́. Àwọn àmì funfun tó wà lókèèrè yẹn ń sá eré òjò.

Àwọn Faransé rí agbára yẹn kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó rí i. John Arrowsmith, oníṣòwò àwòrán láti Paris, ra The Hay Wain pẹ̀lú méjì mìíràn ní £250, ó kó wọn lọ sí àfihàn ńlá ti 1824 ní Paris, ọba Faransé, Charles kẹwàá, sì fún Constable ní àmì ẹ̀yẹ góòlù. Delacroix, ọ̀dọ́ ayàwòrán ìgbà náà, rí i, ó tún ara àwòrán ńlá tirẹ̀ fi ọ̀dà kùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ ń fi àwọn ẹ̀kán ọ̀dà funfun tó máa ń fọ́n sára ewé ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní yìnyín ni. Ìgbà tó di ọdún 1829, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ni Royal Academy tó fún un ní ipò kíkún. Maria ti kú ní oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú, ó fi ọmọ méje sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn ikú yẹn, kò sí ohun tó ń jẹ́ ìparọ́rọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Hadleigh Castle ti 1829 jẹ́ ògiri wíwó lẹ́bàá òkun. Salisbury Cathedral from the Meadows, tó fi hàn ní 1831, ní ìjì, mànàmáná àti òṣùmàrè, ọ̀dà rẹ̀ sì rí wúruwùru bí ẹni pé ó fi ọ̀bẹ jagun níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́ta tún wà nínú omi lápá òsì, bíi ti The Hay Wain, ṣùgbọ́n òkùnkùn ló ń kọjá lọ nínú rẹ̀.

Constable kú ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọdún 1837. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwó jọ láti ra iṣẹ́ rẹ̀ kan fún National Gallery. Wordsworth akéwì àti Faraday onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà lára àwọn tó dá a. Salisbury Cathedral wà lára èyí tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ tó fi yà á ti le jù fún ojú gbogbo ènìyàn. The Cornfield ti 1826 ni wọ́n mú: ọ̀nà kékeré láàárín igi, ọmọdékùnrin tó dojú bolẹ̀ tó ń mu omi, àgùntàn, ọkà tó ti pọ́n. Constable ti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀ pé òun tún un ṣe kó lè wu ojú. Henry Phillips tó mọ̀ nípa ewéko ló sọ irú òdòdó tó máa ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà ní oṣù keje fún un, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn tó wà lókèèrè nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Òun ló fi í síbẹ̀.

Láti ọwọ́ àwọn tó dáwó yẹn ni Constable ti kàlẹ́ńdà ti bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè ní àǹfààní láti mú ìjì, ó mú ìparọ́rọ́, ó sì ń tẹ èyí tó mú jáde láti ìgbà náà. Nígbà tí ayàwòrán Peter Kennard gbé ohun ìjà olóró sínú kẹ̀kẹ́ Hay Wain ní 1980 láti tako ohun ìjà Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ méjì lẹ ọwọ́ wọn mọ́ férémù rẹ̀ ní oṣù keje 2022 nítorí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, àwòrán inú kàlẹ́ńdà yẹn ni wọ́n ń bá jà.

Ní 2013, ilé àwòrán Tate ní London ra Salisbury Cathedral ní £23.1 mílíọ̀nù. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London lè wọ National Gallery láìsan kọ́bọ̀, kí wọ́n wo The Hay Wain, kí wọ́n sì lọ sí Victoria and Albert Museum, níbi tí àwòrán ìmúrasílẹ̀ tó fi ṣe ìdánwò The Hay Wain wà. Bákan náà ni wọ́n tóbi. Èyí tó wà ní Victoria and Albert kò dán, ilẹ̀ aṣọ rẹ̀ hàn láàárín ọ̀dà, ojú ọjọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán. Constable kò fi í han ẹnikẹ́ni ní Royal Academy.